Ọwọ́ Tó Ń Tọ́jú Jẹ́sì ní Libreville

Bí eré kẹ̀kẹ́ bá parí, ojú gbogbo ènìyàn a máa wà lára ẹni tó kọ́kọ́ dé. Tèmi a máa wà lára ẹni tó ń kó aṣọ ìdọ̀tí jọ. Àwọn Faransé ń pè é ní soigneur. Òun ló ń fi òróró ra ẹsẹ̀ àwọn agunkẹ̀kẹ́, òun ló ń rọ omi sínú ike wọn, òun náà ló sì sábà máa ń fọ jẹ́sì wọn lálẹ́ kí wọ́n lè tún rí i wọ̀ láàárọ̀. Ní ìlú tí òjò àti oòrùn jọ ń jọba lọ́jọ́ kan náà, irú bíi Libreville, iṣẹ́ alẹ́ yìí le gan-an, n kò sì rò pé a ti yìn ín tó.

Etí òkun ni Libreville wà, lẹ́nu odò Komo, díẹ̀ sí òkè ìlà agbedeméjì ayé. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan sún mọ́ 3,000 mílímítà. Kí ẹ lè mọ bó ṣe pọ̀ tó, ti Ìbàdàn kò ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ. Láti September wọ December ni òjò máa ń pọ̀ jù. Á dáwọ́ dúró díẹ̀ lásìkò ọdún tuntun, á tún padà dé títí di May. Ẹ̀ẹ̀rùn ńlá ń bẹ láti June sí September, àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ kì í ṣe irú tiwa tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí ètè ń bẹ́. Ìkùukùu á bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ dé alẹ́, òjò kò ní rọ̀, oòrùn náà kò sì ní yọ dáadáa. Yípo ọdún, ọ̀rinrin kì í kúrò nínú afẹ́fẹ́. Aṣọ tí ẹ sá láàárọ̀ lè ṣì tutù nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ òjò kò kàn án.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ní Libreville, kí omi wọ aṣọ kò le; kí omi kúrò lára aṣọ ni iṣẹ́. Yálà a ń yan jẹ́sì ni o, à ń fọ̀ ọ́ ni o, à ń tún un ṣe ni o, ọ̀nà tí omi máa gbà jáde ni ẹni tó mọ iṣẹ́ ń wá.

Iṣẹ́ náà sì ní ibi tó ti ń hàn níbẹ̀. La Tropicale Amissa Bongo, ìdíje kẹ̀kẹ́ tí Gabon fi lókìkí, bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Wọ́n fi sọrí Albertine Amissa Bongo, ọmọbìnrin Omar Bongo tó jẹ́ Ààrẹ Gabon nígbà náà. Oṣù January ni wọ́n sábà ṣe é, nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀, àmọ́ ìsinmi òjò ní Gabon kì í ṣe àdéhùn. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá láti ilẹ̀ Faransé àti ibòmíràn ní Yúróòpù ti wá bá àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Áfíríkà fìgagbága níbẹ̀. Anthony Charteau borí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ní 2010, 2011 àti 2012. Ní July 2010 yẹn kan náà ló gba jẹ́sì funfun alámì pupa róbóróbó tí wọ́n ń fún ẹni tó mọ òkè gùn jù lọ ní Tour de France. Natnael Berhane, ọmọ Eritrea, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbégbá orókè nínú ìdíje náà, ní 2014. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea bákan náà, kò ju ọmọ ọdún 18 lọ nígbà tó borí lọ́jọ́ kan nínú eré ti 2019. Nígbà tó fi máa di 2024, jẹ́sì aláwọ̀ ewé ti Tour de France ti wà lọ́rùn rẹ̀ ní ìparí eré. Ìwé ìròyìn kọ nípa gbogbo wọn. Ẹni tó fọ jẹ́sì wọn ní Gabon, tó rí i pé ó gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, n kò rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká gbé jẹ́sì kan sójú iná. Bí ẹ bá fi kọ́ háńgà, ẹ lè rò pé télọ̀ tó rán an kò mọ iṣẹ́. Iwájú rẹ̀ kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Apá rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì, iwájú ló nà sí. Tí ènìyàn bá wọ̀ ọ́ tó dúró ṣánṣán, aṣọ á máa fà á lọ́rùn, nítorí wọn kò rán an fún ẹni tó dúró. Ẹni tó tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́, tó fọwọ́ méjèèjì di irin mú, ni wọ́n gbé sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń gé e. Tí onítọ̀hún bá ti tẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn tó gùn á bo ìbàdí, iwájú tó kúrú kò ní ká jọ sí ikùn. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ télọ̀ máa ń hàn.

Ẹ yí i sí òdì. Ibi tí wọ́n ti so aṣọ pọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí ojú rírán tó bá ga máa ń bó awọ ẹni tó fi wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún ń mì síwá sẹ́yìn nínú òógùn. Ní etí ìsàlẹ̀, ọwọ́ yín á kan rọ́bà tó ní sílíkóònù tóótòòtó lára, èyí tó ń di aṣọ mú mọ́ ìbàdí kó má baà sún lọ sókè. Àpò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn. Jẹ́sì tó dára máa ń ní àwọ̀n tàbí ihò tíńtín nísàlẹ̀ àpò kí omi òjò lè rí ibi gbà jáde. Èyí tí kò bá ní in, òjò Libreville á sọ àpò rẹ̀ di korobá.

Pọ́líẹ́sítà ni wọ́n fi ń hun ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, wọ́n á wá fi láíkírà díẹ̀ sí i kó lè máa nà. Aṣọ òwú lè fa omi tó tó ìdá méje tàbí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ nìkan, kí òjò tó kàn án rárá; pọ́líẹ́sítà kì í fa tó ìdá kan. Omi tó bá bọ́ sí i ń sá láàárín fọ́nrán ni, kì í wọnú fọ́nrán, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè gbẹ. Jẹ́sì onírun àgùntàn ni àwọn ará Yúróòpù ń wọ̀ kí èyí tó dé. Tí òjò bá pa á, á wúwo, á sì sọ̀ dé itan.

Àwọ̀ tó wà lára rẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n á tẹ àwòrán sórí bébà, wọ́n á gbé bébà náà lé aṣọ, wọ́n á sì fi irin tó gbóná tó nǹkan bí 200°C tẹ̀ ẹ́. Aró á di èéfín, èéfín á wọ inú fọ́nrán, á sì jókòó síbẹ̀. Ẹ fi èékánná ha á, kò sí ohun tó máa ṣí. Àmọ́ orúkọ tàbí àmì tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ jẹ́sì lẹ́yìn náà yàtọ̀ pátápátá, orí aṣọ ló wà, ó sì lè bó. Ẹni tó máa fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ fi ìka mọ èyí tó wà nínú àti èyí tó wà lórí, kódà nínú omi ọṣẹ.

Ní ti yíyàn, ìmọ̀ràn tí àwọn ará Yúróòpù sábà máa ń fúnni lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, òtútù ló dá lé. Àpẹẹrẹ tó lókìkí ni ti eré Milan–San Remo ní 17 March 2013. Yìnyín bọ́ lu àwọn agunkẹ̀kẹ́ débi pé bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kó wọn gba apá kan ọ̀nà náà kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn ló wọ jẹ́sì dúdú kan tí ilé-iṣẹ́ Castelli ń ṣe, Gabba lorúkọ rẹ̀, tó ń ta omi nù tó sì ń dá ooru ara dúró. Kódà àwọn kan tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ráṣọ fún wọ̀ ọ́. Gerald Ciolek ló borí lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ MTN-Qhubeka láti South Africa ló sì gùn ún fún, ohun tó ṣì ń dùn mọ́ mi nínú títí dòní.

Ẹ gbé Gabba yẹn wá sí Libreville, á se ènìyàn mọ́nú. Òjò ibẹ̀ kì í tutù bẹ́ẹ̀. Ojú ọjọ́ kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 22°C, kódà lóru. Òógùn tí kò rọ́nà jáde ló lè dá agunkẹ̀kẹ́ dúbúlẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe òtútù. Nítorí náà, ẹni tó mọ ìlú kì í bá òjò jà. Á yan jẹ́sì tó fẹ́lẹ́, tó ní àwọ̀n lábẹ́ apá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí síìpù rẹ̀ sì ṣí láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Tí òjò bá dé, á jẹ́ kó wọlé kó sì jáde. Tí oòrùn bá tún yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á fa síìpù sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba àyà rẹ̀ kọjá. Jákẹ́ẹ̀tì aláìlápá tó ṣeé ká sínú àpò wúlò nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, torí afẹ́fẹ́ á máa gbá aṣọ tútù mọ́ àyà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹrù lásán ni.

Jẹ́sì gbọ́dọ̀ fún mọ́ ara. Àwọn ènìyàn ń rò pé nítorí fáàrí ni, bẹ́ẹ̀ nítorí omi ni. Èyí tó bá tóbi ju ẹni lọ, tí òjò bá ti pa á, á sọ̀, á máa gbá itan, àpò á wó lọ sí ìdí pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn aláìlápá nítorí ooru lè máa fi ṣeré nílé, kò lè wọ̀ ọ́ dé ibi ìdíje: òfin UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ní kí jẹ́sì eré ojú títì lápá dandan. Funfun kì í gba ooru bíi dúdú, àmọ́ tó bá tutù, ara á hàn gbangba nínú rẹ̀, ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà Gabon kì í sì í tètè tán lára rẹ̀. Èmi a yan àwọ̀ tó wà láàárín, ojú ọ̀run tàbí ewé, tí kì í gba ooru jù tí kì í sì í tú àṣírí.

Ìfọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń sọ̀rọ̀.

Aṣọ tó ti gba òógùn wákàtí mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ sùn nínú àpò. Tí òógùn bá gbẹ mọ́ ọn, iyọ̀ á dì sáàárín fọ́nrán, òórùn á wọlé. Nílùú tó lọ́rinrin báyìí, kì í pẹ́ tí aṣọ fi máa bu, tí àmì dúdú á yọ lára rẹ̀, èyí tí ọṣẹ kò ní rí mú kúrò mọ́. Nítorí náà alágbàfọ̀ ẹgbẹ́ kì í jókòó jẹun kó tó gbé aṣọ sómi.

Pínnì tí wọ́n fi so nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà á fa síìpù dé ọrùn, nítorí eyín síìpù tó ṣí máa ń họ aṣọ tó bá wà nítòsí rẹ̀. Á yí jẹ́sì sí òdì, torí inú ni òógùn wà. Bí ẹrẹ̀ pupa bá wà lára rẹ̀, kò ní fi ọṣẹ kàn án ná, kò sì ní fọwọ́ ra á. Á gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ láti òdì, kí omi máa ti ẹrẹ̀ jáde gba ojú ibi tó bá wọlé. Ẹni tó bá fi ọṣẹ gbo ó lójú ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ wọnú sí i ni. Epo ṣéènì ńkọ́? Ọṣẹ ìfọwo ni, ìwọ̀nba díẹ̀, lórí àbààwọ́n nìkan.

Ẹ wá wo ọwọ́ rẹ̀ nínú korobá. Omi náà tutù, tàbí kó lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kì í ju 30°C lọ. Kò gbo aṣọ mọ́ aṣọ bí a ṣe ń gbo ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé. Á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á gbé e sókè, á tún tẹ̀ ẹ́, kí omi máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ìka rẹ̀ á wá lọ sí etí ìsàlẹ̀ níbi tí rọ́bà wà, torí ọ̀rá ara àti òógùn máa ń fara pamọ́ sáàárín sílíkóònù tóótòòtó yẹn. Á fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yípo, títí á fi padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Tí kò bá ṣe é, kò sí ẹni tó máa mọ̀ lálẹ́ yẹn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni rọ́bà á dẹ̀, tí jẹ́sì á bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ sókè.

Ohun méjì ni kì í jẹ́ kó sún mọ́ korobá náà. Ọ̀kan ni omi olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀. Ó ń fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo fọ́nrán, òógùn kò sì ní rọ́nà sá mọ́. Jẹ́sì á máa ta sánsán, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì máa wẹ̀ nínú òógùn. Èkejì ni bílíìṣì, tó ń jẹ láíkírà. Lẹ́yìn ọṣẹ, á ṣan án títí omi á fi mọ́ gaara, nítorí ọṣẹ tó kù nínú fọ́nrán kò yàtọ̀ sí ìdọ̀tí. Kò ní fún un. Á tẹ́ táwẹ̀lì gbígbẹ sílẹ̀, á tẹ́ jẹ́sì lé e, á ká méjèèjì pọ̀, á sì fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Ìgbà tó bá tú u, táwẹ̀lì ló tutù.

Ibi sísá ni ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Jẹ́sì kò fẹ́ oòrùn gangan, torí ìtànṣán rẹ̀ ń jẹ láíkírà, ó sì ń mú àwọ̀ ṣá. Òjìji tí afẹ́fẹ́ ń gbà ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n eṣinṣin kan wà káàkiri ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, Cordylobia anthropophaga lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Àwọn Faransé ń pe ìdin rẹ̀ ní ver de Cayor. Òjìji àti ọ̀rinrin lòun náà fẹ́ràn. Inú yanrìn tó ní òórùn ìtọ̀, tàbí ara aṣọ tútù tí wọ́n sá síta, ló ń yé ẹyin sí. Ìdin tó bá pa níbẹ̀ á dúró de ara ènìyàn, á gbẹ́ inú awọ wọlé, ojú ibẹ̀ á sì wú bí eéwo tó ní ihò lórí. Agunkẹ̀kẹ́ tó bá ní in lẹ́yìn, lábẹ́ jẹ́sì tó fún, iṣẹ́ bá a.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe sí i ni áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Wọ́n á lọ aṣọ nínú lóde, títí kan táwẹ̀lì àti pátá, kí ẹyin lè kú. Jẹ́sì kò lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀. Sílíkóònù á bó, láíkírà á rọ, àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á lẹ̀ mọ́ irin. Oòrùn ń jẹ ẹ́, òjìji ìta ní eṣinṣin, áyọ́ọ̀nù ń sun ún. Alágbàfọ̀ tó mọ iṣẹ́ kì í wulẹ̀ sá a síta. Inú yàrá ni, wíńdò tó ní nẹ́ẹ̀tì, fáànù tó ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀, kí jẹ́sì kọ̀ọ̀kan sì jìnnà sí ìkejì. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà, ó sàn ju fáànù lọ, torí ó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ yàrá. Ó ń dorí jẹ́sì kodò nígbà tó bá ń fi í kọ́, kí ẹnu àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dojú kọ ilẹ̀. Àpò ló ń gbẹ kẹ́yìn, aṣọ ibẹ̀ ló nípọn jù. Bí ọmọ ilé wa bá wà láàárín àwọn agunkẹ̀kẹ́ náà, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tèmi ńkọ́?” “Àbúrò, lọ sùn jàre. Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó kù díẹ̀.” Ìkiwọ́bàpò yẹn ni òdiwọ̀n rẹ̀. Kì í fọwọ́ kan àyà tàbí èjìká, torí ìyẹn á ti gbẹ tipẹ́.

Láàárọ̀, á tún so nọ́ńbà mọ́ ọn. Èyí náà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Orí àpò gan-an ni nọ́ńbà ń bọ́ sí, nítorí náà á ki ọwọ́ òsì bọ inú àpò, á fi ọwọ́ ọ̀tún gún pínnì, kí ìka tó wà nínú lè sọ fún un bóyá abẹ́rẹ́ ti mú àpò mọ́ ẹ̀yìn aṣọ. Tó bá mú un, agunkẹ̀kẹ́ kò ní rí oúnjẹ rẹ̀ yọ lójú ọ̀nà.

Jẹ́sì tó bá bàjẹ́ a máa dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Mont-Bouët ni ọjà tó tóbi jù ní Libreville, àwọn oníṣòwò láti Nàìjíríà, Benin, Togo, Cameroon àti Mali sì pọ̀ níbẹ̀. Síìpù ló sábà ń kọ́kọ́ kú, torí iyọ̀ òógùn àti afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ orí rẹ̀ tó bá jẹ́ onírin. Télọ̀ tó ti ń rán ańkárá láti àárọ̀ gbọ́dọ̀ yí abẹ́rẹ́ padà kó tó fọwọ́ kan jẹ́sì. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ń gé fọ́nrán aṣọ híhun, ojú ibi tó gé á sì máa sá lọ. Ẹlẹ́nu róbótó ló ń yà á sọ́tọ̀ kọjá láàárín rẹ̀. Kò ní rán an ní gbọọrọ, gógórogòòrò ni, kí òwú lè nà nígbà tí aṣọ bá nà. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní fa aṣọ náà lábẹ́ ẹ̀rọ. Tó bá fà á, síìpù á rí kọ́lọkọ̀lọ tó bá ti gbé e kúrò, ibẹ̀ ni mo sì fi ń mọ télọ̀ tó gbọ́ èdè aṣọ yìí.

Kó tó gba iṣẹ́ rárá, á fi ọwọ́ méjèèjì na etí ìsàlẹ̀, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á wo bó ṣe ń padà. Tó bá padà kíá, á gbà á. Tó bá ń falẹ̀, rọ́bà lè ṣeé pààrọ̀. Tí ara aṣọ gan-an bá nà tí kò padà mọ́, á sọ fún ẹni tó ni ín pé kó má náwó sí i. Á fi abẹ tú síìpù tó ṣì dára kúrò lára rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, á sì fi pamọ́ de jẹ́sì mìíràn.